Kí Ló Wà Nínú Ike Yẹn, Àbẹ̀kẹ́?

Àbẹ̀kẹ́, mú ike yẹn jáde. Má wulẹ̀ fẹsẹ̀ tì í sábẹ́ àga, mo ti rí i kí n tó jókòó. Èmi tí mo po oògùn nílé ìwòsàn ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, èmi lo wá fẹ́ fi ìpara pamọ́ fún? Gbé ọmọ fún mi, kí o sì ṣí i. O ṣeun. Ọmọ dáadáa ni ọ́, orí kunkun nìkan ló ń dà ọ́ láàmú.

Wọ́n kọ "organic" gàdàgbà sí i lára. Ó dáa. Wọ́n ya ewé sí i. Ewé wo nìyẹn? Wọ́n kọ nọ́ńbà WhatsApp sí ìsàlẹ̀. Ó parí. Orúkọ ẹni tó ṣe é kò sí, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é kò sí, nọ́ńbà NAFDAC kò sí, ohun tí wọ́n pò pọ̀ nínú rẹ̀ kò sí. Ìwọ yìí, tó jẹ́ pé tí o bá fẹ́ ra gàrí, wàá bù ú sẹ́nu wò, wàá fọwọ́ rò ó, wàá bi onígàrí bóyá Ìjẹ̀bú ni, wàá tún ní iyanrìn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí o wá ń fi pa ara láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, o ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

"Àǹtí, ó ń ṣiṣẹ́ o. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ara mi ti ń dán."

Mo gbọ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Kò sí ewé kankan tó ń sọ èèyàn dúdú di pupa kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Òrí ò lè ṣe é, àdí àgbọn ò lè ṣe é, kárọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ kiri yẹn náà ò lè ṣe é. Tí mo bá rí ìpara tó yára báyìí nígboro, ohun mẹ́ta ni mo máa ń fura sí: oògùn steroid, hydroquinone, àti mẹ́kúrì. Ẹlòmíràn tiẹ̀ ń kó wọn pọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo.

Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń pò ó fún ọ. Wọ́n á ra ìpara lásán, èyí tó funfun tó sì rọ̀, wọ́n á dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á wá kó ìpara oògùn inú túùbù jáde, àwọn túùbù kéékèèké tí wọ́n ń tà lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì àti ìṣáná, wọ́n á máa fún un síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa ju òfìfo túùbù sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n á kán lọ́fíńdà sí i kó lè bo òórùn oògùn mọ́lẹ̀. Wọ́n á fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kéèkì pò ó títí á fi wú. Wọ́n á bù ú sínú ike, wọ́n á lẹ ewé mọ́ ọn. Organic ti dé nìyẹn!

Inú túùbù yẹn ni clobetasol wà. Tí o bá ka ara rẹ̀, wàá rí 0.05% níbẹ̀. Má fojú kéré òǹkà yẹn o. Nínú gbogbo steroid tí à ń fi pa ara, ẹgbẹ́ èyí tó lágbára jù lọ ló wà. Tí dókítà bá kọ ọ́ fún aláìsàn, ojú ibi tí àrùn wà nìkan ni yóò fi pa, kò gbọdọ̀ lò ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ ní àlòtúnlò, kò sì gbọdọ̀ lò ju 50 giramu lọ lọ́sẹ̀. Ike tó wà níwájú rẹ yìí, ó gba 500 giramu. O sì ní ìkejì rẹ̀ nìyí. Gbogbo ara, láàárọ̀, lálẹ́, lẹ́yìn ìwẹ̀ olómi gbígbóná! Lóòótọ́ wọ́n ti fi ìpara lásán là á, ṣùgbọ́n ta ló wọ̀n ọ́n? Túùbù mélòó ló wọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì? Ẹni tó pò ó gan-an kò lè sọ ọ́.

Steroid máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́. Á kọ́kọ́ dán, ẹ̀yin á ní ara ń tàn. Tó bá yá, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lábẹ́ rẹ̀, irorẹ́ á sú bo ojú, ìlà gbọọrọgbọọrọ á là sí itan, sí apá, sí abẹ́ ọmú, ìlà tí kò sì ní parẹ́ mọ́. Egbò tí kò tó nǹkan ò ní tètè jinná. Tó bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀ pẹ́, ara fúnra rẹ̀ á jáwọ́ nínú ṣíṣe steroid tirẹ̀ tó ń ṣe lójoojúmọ́. Ojú á wú rọ̀bọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ á ru, ṣúgà á gòkè. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kì í fẹ́ rí awọ tó ti bó. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ rán an, òwú á máa fà á ya. Ìwọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ yìí jáde! Ojú ọgbẹ́ rẹ ńkọ́? Tí a bá wọ yàrá, màá wò ó.

Má sì bá mi sọ pé làpálàpá ọrùn ni o kọ́kọ́ fi ń pa. Steroid á mú ìyún rẹ̀ lọ, wàá rò pé ó ti san, òun a sì máa tàn lábẹ́lẹ̀.

Wo etí ike yìí dáadáa. Àárín rẹ̀ ṣì funfun, ṣùgbọ́n etí tí afẹ́fẹ́ ti ń kàn án ti pọ́n. Hydroquinone máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí afẹ́fẹ́ bá ti bá a, á pàwọ̀ dà. Kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é o, kojic, èròjà ìbóra mìíràn, náà máa ń pọ́n, ṣùgbọ́n tí mo bá rí irú rẹ̀ nínú ike tí kò lórúkọ, mi ò ní pè é ní kárọ́ọ̀tì. Lọ́dọ̀ wa níbí, NAFDAC ò gbà kí hydroquinone ju 2% lọ nínú ìpara. Ní Yúróòpù, láti 2001 ni wọ́n ti lé e kúrò nínú ìpara ara. Gánà fòfin dè é ní 2016. Ní Amẹ́ríkà, láti 2020, àfi tí dókítà bá kọ ọ́ fúnni. Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ló ti jìyà rẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn. Ní 1975 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Findlay àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ohun tí wọ́n ń rí lójú àwọn obìnrin ibẹ̀: ojú tó fẹ́ pupa ló wá ń ṣú, ó ń di dúdú aláwọ̀ aró, ó ń le, ó sì ń ṣe kókó wẹ́wẹ́. Ìyẹn kì í ṣeé bó mọ́. Nígbà tó di 1990, ìjọba ibẹ̀ fòfin dè é.

Ìwọ náà ń rí irú wọn lọ́jà. Etí pupa, iwájú orí pupa, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì jó dúdú, oríkèé ìka ò gbà kó bó. Ìyá kan wà tó máa ń wá síwájú fèrèsé wa nígbà ayé iṣẹ́ mi. Ìborùn ló máa ń fi bo ọwọ́ rẹ̀, kódà nínú ooru oṣù kẹta. Tó bá fẹ́ na ìwé dókítà sí mi, á ká ìka kò, á fi ẹ̀yìn àtàǹpàkò tì í wọlé. Ohun tó máa ń bẹ̀ mí fún rèé: kí n fún òun ní ìpara tí yóò mú dúdú ojú òun kúrò. Ìpara ló sì mú dúdú yẹn wá. Bó bá ti ń dúdú sí i ló ń pa sí i, bó bá ti ń pa sí i ló ń dúdú sí i. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín títí tí kò fi wá mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé ẹ̀yin lẹ dá ara bíbó sílẹ̀. 1976 ni Fẹlá gbé orin Yellow Fever jáde, tó fi àwọn tó ń bóra ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo wa jó sí i. Àwọn míì nínú wa bóra tán nílé kí wọ́n tó wá jó sí i! Ó ti di ogún ìdílé. Ní 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, ọ̀gá NAFDAC, sọ pé ọ̀rọ̀ ara bíbó ti di pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè yìí. Èmi ò ní bá ọ fa ọ̀rọ̀ pé ta ló ní pupa ló rẹwà. Ọkọ rẹ fẹ́ ọ ní dúdú, ó ń fi àwòrán rẹ yangàn. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ta ọjà lórí fóònù ló ń kó èyí sí ọ lórí, mo sì ti ṣépè fún wọn tó lánàá.

Èyí tó ń já mi láyà jù ni mẹ́kúrì, nítorí ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Mẹ́kúrì máa ń dí awọ lọ́wọ́ kó má lè ṣe àwọ̀ dúdú rẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń lò ó nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í dúró lójú awọ. Á wọnú ẹ̀jẹ̀, á lọ jókòó sínú kíndìnrín, á máa ba iṣan àti ọpọlọ jẹ́, á sì bá omi ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ìlera ní California àti Virginia yẹ àwọn ìdílé kan wò tí wọ́n ń lo ìpara tí wọ́n ṣe ní Mẹ́síkò. Mẹ́kúrì wà nínú ìtọ̀ àwọn tó ń lò ó. Ìyẹn ò yani lẹ́nu. Ó tún wà nínú ìtọ̀ àwọn ará ilé tí kò pa á rí, títí dórí ọmọdé. Aṣọ ìnura kan náà, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ọwọ́ ìyá kan náà. Ọmọ yìí sì ń fẹnu la èjìká rẹ ní gbogbo ọjọ́, Àbẹ̀kẹ́. Ní gbogbo ọjọ́!

Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 2013 sọ pé mẹ́kúrì kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù lọ nínú ìpara. Wọ́n tún ti mú òfin náà le sí i láti ìgbà náà. NAFDAC ò fẹ́ rí i rárá. Àwọn tó ń fi í sí nǹkan kì í kọ ọ́ gbangba. Wọ́n á kọ calomel, tàbí mercurio, tàbí mercurous chloride, tàbí kí wọ́n má kọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí o bá rí ìpara tí wọ́n kọ sí i lára pé má jẹ́ kó kan wúrà tàbí fàdákà ọrùn rẹ, sá fún un. Mẹ́kúrì ló máa ń ba wúrà jẹ́. Wọ́n ń ṣàánú ṣéènì, wọn ò ṣàánú ọrùn.

"Àǹtí, ti ẹ̀gbọ́n mi ni London ńkọ́? Peckham ló ti rà á."

Peckham! Ìjọba àdúgbò Southwark tó ni Peckham ti gbé àwọn onísọ́ọ̀bù lọ sílé ẹjọ́ léraléra nítorí irú ìpara yìí gan-an. Òfin ibẹ̀ kò gbà á, abẹ́ káńtà ló máa ń wà. Pé ó wọ ọkọ̀ òfurufú kò ní kó di oògùn ìyè. Abẹ́rẹ́ glutathione tí ẹ̀ ń gbà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onídìrí náà, FDA, àjọ oúnjẹ àti oògùn ti Amẹ́ríkà, kò fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ kankan fún pípọ́n ara. Tí mo bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, èmi àti ìyá rẹ la jọ máa wá.

Ẹ̀wẹ̀, wọ́n ní ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ máa po ìpara tà, tí ẹ ó máa kọ ọ́ sí i lára pé kò ní kẹ́míkà kankan. Àbẹ̀kẹ́, omi gan-an kẹ́míkà ni. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ rẹ kẹ́míkà ni. Ìpara tó bá ti lómi nínú, yálà omi ẹ̀rọ ni o, omi ewé ni o, omi kárọ́ọ̀tì ni o, kòkòrò tí ojú kò rí á máa bí sí i nínú rẹ̀ tí ẹ ò bá fi ohun tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́ sí i. Ẹ ó máa ti ìka bọ̀ ọ́, ẹ ó gbé e sílé ìwẹ̀ tó ń móoru, kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kọjá ó ti di ọbẹ̀ kòkòrò, bí kò tiẹ̀ tíì rùn. Ẹ wá ń fi í pa ojú ọgbẹ́. Phenoxyethanol tí ẹ̀ ń bú yẹn, ọ̀kan nínú irú ohun bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n gbà á ní Yúróòpù, ó kàn jẹ́ pé kò gbọdọ̀ ju 1% lọ. Òfin ìwọ̀n ni gbogbo nǹkan yìí. Òrí ògidì ò nílò rẹ̀ nítorí pé kò lómi nínú. Tó bá pẹ́ jù, á kàn máa ní òórùn ọ̀rá tó ti kan. Tí ẹ bá fẹ́ ṣòwò, ẹ máa yọ́ òrí Ṣakí, ẹ sẹ́ ẹ dáadáa, ẹ fi àdí àgbọn sí i, ẹ má kán omi kankan sí i, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára. Ìyẹn, màá bá yín tà á fún àwọn ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Tí o bá tún fẹ́ ra ti ilé iṣẹ́, ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí o tó ka iwájú. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú. Aqua, omi ni. Èyí tí kò tó 1%, wọ́n lè tò ó bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n á kọ òrí àti oyin gàgàrà síwájú páálí, ìwọ á wá rí i lẹ́yìn pé àwọn méjèèjì wà lẹ́bàá lọ́fíńdà nísàlẹ̀ pátápátá.

Má rẹ́rìn-ín, mo ń bọ̀ wá sórí tiwa náà. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí o ń fi pa abíyá kí o tó jáde sóòrùn, ta ló kọ́ ọ? Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn tí wọ́n bá pàdé lára èèyàn, ó lè lé roro bí omi gbígbóná bá dà síbẹ̀, àpá dúdú rẹ̀ á sì pẹ́ kó tó lọ. Ọṣẹ dúdú? Mo fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba. Ìyá mi sun èèpo kòkó, ó rẹ eérú rẹ̀, ó sẹ́ omi rẹ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀, ó sì fi àdín sè é títí tó fi dì. Ṣùgbọ́n omi eérú máa ń ta èèyàn lára o. Tó bá ju àdín lọ nínú ìkòkò, ọṣẹ yẹn á bó ara ju bó ṣe yẹ lọ. Ọwọ́ àwọn àgbà tó ń sè é ni ìwọ̀n wà. Èyí tí wọ́n ń tà báyìí tí wọ́n ní ọṣẹ dúdú tó ń mú ara pọ́n, kì í ṣe ọṣẹ ìyá mi mọ́. Túùbù ló tún wọ inú ìyẹn.

Ní báyìí, gbọ́ mi dáadáa. Má fi í pa ara mọ́ lálẹ́ òní. Ṣùgbọ́n tí o bá ti pẹ́ lórí steroid, tí o dá a dúró lójijì, ojú lè pọ́n kó sì máa jó ọ. Ẹ̀rù á bà ọ́, wàá sì sáré padà sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Ọjọ́ Ajé, a ó jọ lọ rí dókítà awọ ara. Gbé ike náà dání, kí o sì sọ òtítọ́ fún un. Má sọ pé ọṣẹ ni. Sọ fún un kó yẹ kíndìnrín rẹ wò, kó sì yẹ ti ọmọ wò. Tó bá ní kí o máa fi díẹ̀díẹ̀ jáwọ́, o ò gbọdọ̀ dá tìrẹ ṣe. Owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Àtíkè tí o ń dà sọ́rùn ọmọ náà, jẹ́ kó sinmi. Tí ìkùukùu rẹ̀ bá gòkè, imú ọmọ ló ń wọ̀. Johnson & Johnson fúnra wọn ti fi talc sílẹ̀ nínú àtíkè ọmọ káàkiri ayé láti 2023, ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n ń lò. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti òrí díẹ̀, ọmọ ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àti tìróò. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tí mo wọlé, mi ò kàn fẹ́ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ rẹ ló lé e. Mo mọ̀ pé wọ́n lé e fún ọkọ rẹ náà, wọ́n lé e fún èmi náà. Ìtàn kan ni màá sọ fún ọ. Ní 2011, ní Boston l'Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan wò, wọ́n bá òjé nínú rẹ̀. Wọ́n wá a títí nínú ilé, wọn ò rí nǹkan, àfi ìgbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú tìróò jáde, tí wọ́n rà lọ́jà ní Nàìjíríà níbí, pé ó ń jẹ́ kí ojú ọmọ ríran dáadáa. Wọ́n yẹ tìróò náà wò: 82.6% rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Òjé ò mọ ọmọ ọba yàtọ̀, ọpọlọ ọmọ ló ń dojú kọ. Ọmọ á fọwọ́ nu ojú, á fi ọwọ́ náà sẹ́nu.

Èmi ò ní kí o lọ yájú sí ìyá ọkọ rẹ o. Kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa. Fi òwú tó rin nu ojú ọmọ kí wọ́n tó dé, kí o tọ́jú ìgò tìróò sọ́dọ̀ mi. Tí wọ́n bá béèrè, sọ pé Àǹtí ló gbé e lọ, kí wọ́n wá bi mí. Wọ́n mọ ilé mi, wọ́n sì mọ̀ pé èmi náà lẹ́nu.